Hwacheon, Yanggu tàbí Inje: èwo ni kí o yàn nínú ìlú olókè mẹ́ta tó wà létí ààlà Kòríà?

Láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Seoul, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ wo ibi tí Kòríà méjèèjì ti pààlà, àmọ́ mi ò fẹ́ bá èrò rẹpẹtẹ lọ sí Paju. Ibo lẹ rò pé kí n lọ?" Èmi náà kì í dáhùn kí n tó bi onítọ̀hún ní ìbéèrè mẹ́ta. Oṣù wo lo fẹ́ lọ? Ṣé o lè wa mọ́tò? Orúnkún rẹ ńkọ́?

Mi ò ṣàwàdà o. Hwacheon, Yanggu àti Inje tò tẹ̀ léra láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ní òkè ìpínlẹ̀ Gangwon. Gun ni wọ́n ń pe irú wọn níbí, ohun tí àwa ìbá pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Òkè ni gbogbo rẹ̀, òkè gun òkè lẹ́yìn, ilẹ̀ títẹ́jú ò fi bẹ́ẹ̀ sí ju ti etí odò lọ. Kò sí èyí tó ní 40,000 olùgbé nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi ìlà 38 pín ilẹ̀ Kòríà ní 1945, apá tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sọ́wọ́ Àríwá. Ogun tí Àríwá àti Gúúsù bá ara wọn jà ló gbé wọn padà sí Gúúsù. Bàbá arúgbó kan tí o bá bá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè ti gbé lábẹ́ ìjọba Japan, ti Àríwá àti ti Gúúsù, kó sì jẹ́ pé abúlé kan náà ló wà, àyàfi ìgbà tí ogun lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé o ò ní rí ààlà náà. Láti ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́ ní July 27, 1953, ìlà tó pín wọn wà láàárín ilẹ̀ tí èèyàn kì í sábà gbé, kìlómítà méjì níhà ibí, méjì níhà ọ̀hún. Kí o tó dé ibẹ̀ pàápàá, ìlà mìíràn tún wà tí aráàlú kì í kọjá láìgbàyè lọ́wọ́ sójà. Òkè lo máa rí, àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àti sójà, àti òkè mìíràn tí wọ́n á nàka sí pé ọ̀hún nìyẹn. Torí náà, má fi ààlà yan ìlú, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àsìkò, ọ̀nà àti oúnjẹ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Hwacheon: tìtorí oṣù Kìn-ín-ní

Bó bá jẹ́ oṣù Kìn-ín-ní lo fẹ́ lọ, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti 2003 ni Hwacheon ti ń ṣe ọdún ẹja sancheoneo lórí odò tó gba ìlú kọjá. Odò náà á dì gbagidi, wọ́n á lu ihò sójú yìnyín, ihò tí kò ju kí ẹja kan gba ibẹ̀ jáde lọ. Àwọn kan á jókòó sórí àga kékeré, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dojú bolẹ̀ gbalaja sórí yìnyín ni, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n á sì tẹjú mọ́ ihò náà. Èmi náà ṣe é. Omi yẹn mọ́ débi pé mo rí ẹja tó wá dúró síwájú ìwọ̀ mi, tó wò ó, tó yí ìrù padà, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Wákàtí méjì ni mo fi dọ̀bálẹ̀ fún ẹja lọ́jọ́ náà, ẹyọ kan péré ni mo sì mú.

Ẹni tó ju mílíọ̀nù kan ló ń wá lọ́dún tí nǹkan bá lọ dáadáa, sí ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò tó 25,000. Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ẹja odò náà ni o. Ẹja ọ̀sìn ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, àwọn tó ń jà fún ẹranko kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Tèmi ni pé ẹja tí wọ́n sun fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí èéfín rẹ̀ ń jáde nínú òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo, ó dùn. Wo ìròyìn ojú ọjọ́ kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ní 2020, ooru àti òjò mú kí wọ́n sún ọdún náà síwájú, torí yìnyín kò nípọn tó láti gbé èèyàn.

Ní oṣù yòókù, ọlọ́kọ̀ ni Hwacheon dára fún. Ìdí ni pé ohun tó dùn ún wò jù níbẹ̀, Dáàmù Àlàáfíà, jìnnà sí ìlú, ọ̀nà rẹ̀ sì lọ́ bí ìfun. Ìtàn dáàmù yìí nìkan tó ìrìn àjò. Ní 1986, ìjọba Gúúsù kéde pé Àríwá ń kọ́ dáàmù kan sórí Odò Bukhan, àti pé bí wọ́n bá tú omi rẹ̀ sílẹ̀, Seoul á rì. Tẹlifíṣọ̀n fi hàn bí omi ṣe máa mu ilé gogoro dé àárín. Aráàlú dáwó, àwọn ọmọ iléèwé fọ́ kóló wọn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Nígbà tó di 1993, àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba fúnra wọn sọ pé wọ́n ti fẹ ọ̀rọ̀ náà jù bó ṣe mọ lọ. Àwa tí ìjọba ológun ti jẹ lórí wa rí, irú rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní 2002, ẹ̀rí wá jáde pé dáàmù ti Àríwá lábùkù lóòótọ́, ni wọ́n bá tún gbé Dáàmù Àlàáfíà ga sí i, ó sì parí ní 2005. Gíga rẹ̀ báyìí jẹ́ mítà 125, gígùn rẹ̀ mítà 601, síbẹ̀ kò gba omi dúró bíi dáàmù yòókù. Omi tó lè ya wá lọ́jọ́ kan ló ń dúró dè.

Agogo ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọ́ọ̀nù 37.5, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2009. Ìkarahun ọta tí wọ́n ṣà jọ láti ojú ogun káàkiri ayé ni wọ́n yọ́ láti fi rọ ọ́. Àdàbà wà lórí rẹ̀. Wọ́n gé apá ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí Kòríà méjèèjì bá dọ̀kan làwọn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wàá dúró síbẹ̀, wàá sì máa wá ibi tí apá náà ti gé.

Bó o bá gba Chuncheon lọ, dúró ní Gongjicheon kó o wo ilé ìrántí àwọn sójà Ethiopia. Ìkọ̀ Kagnew ni wọ́n ń pè wọ́n. 1951 ni wọ́n dé láti gbèjà Gúúsù, wọ́n sì jà ní àwọn òkè Hwacheon yìí. Haile Selassie fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní 1968 láti ṣí ọwọ̀n ìrántí wọn. Nígbà tí mo jókòó mu kọfí létí omi níbẹ̀, màmá àgbàlagbà kan bi mí bóyá ọmọ Ethiopia ni mí. Mo ní Nàìjíríà ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní kò burú, ó sì fi bisikíìtì lé e.

Yanggu: èyí tí èmi máa mú

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré, Yanggu ni. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìlú àwọn ni ìdodo ilẹ̀ Kòríà, torí pé bí wọ́n bá wọn ilẹ̀ náà láti etí dé etí, ọ̀dọ̀ àwọn ni àárín rẹ̀ bọ́ sí. Kì í ṣe torí ìdodo yẹn ni mo ṣe mú un o, torí Haean ni.

Haean jẹ́ àfonífojì tó rí bí abọ́, òkè yí i ká pátápátá. Òkúta tó wà láàárín rọ̀ ju ti etí lọ, òjò àti omi sì ti jẹ ẹ́ láti ayébáyé. Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà tó wò ó látorí òkè nígbà ogun ló sọ ọ́ ní Punch Bowl, torí ó jọ abọ́ gílásì tí wọ́n fi ń po ọtí níbi àpèjẹ. Àwọn onílé ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ejò pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́ débi pé èèyàn ò lè jáde. Mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kan tó ń kọjá lọ ní kí wọ́n yí lẹ́tà Ṣáínà tó túmọ̀ sí òkun nínú orúkọ ìlú padà sí lẹ́tà tó túmọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n sì máa sin ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ejò tán. Ní 1956 ni ìjọba kó ìdílé tuntun wá tẹ̀ dó síbẹ̀, sórí ilẹ̀ tí ogun ti sọ dahoro, tí bọ́ǹbù ṣì rì mọ́. Lónìí, ewé rádíìṣì gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní siraegi ni wọ́n fi mọ Haean. Bí ìgbà òtútù bá ti ń wọlé, wọ́n á so ewé náà rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹni tó bá mọ bí òrùnlá ṣe ń rí lọ́bẹ̀ á mọ ìdí tí ewé gbígbẹ fi lè ní adùn tí tútù kò ní.

Inú abọ́ yìí kan náà lo ti máa lọ sí Ihò Kẹrin, èyí tí Àríwá gbẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀ wá, tí wọ́n rí ní March 3, 1990. Ó jìn tó mítà 145, kò ga tó mítà méjì, ó sì gùn ju kìlómítà méjì lọ. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló ń gbé àwọn àlejò wọ apá kan rẹ̀. Ohun tó mú mi dúró kò sí nínú ihò náà, ẹnu ọ̀nà ló wà: ère ajá ni. Ajá sójà ni, Heonteu lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ihò náà wò, òun ló ṣíwájú, òun ló tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì sílẹ̀, àwọn sójà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì yè. Wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n sì fi í joyè ọ́físà lẹ́yìn ikú. Àwọn sójà tó wá ṣèbẹ̀wò lọ́jọ́ tí mo lọ kí i ní sàlúùtù, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ò rẹ́rìn-ín.

Lókè abọ́ náà ni ibi ìwòye Eulji wà, lórí òkè tó ga tó mítà 1,049. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wàá rí òkè Geumgang ní Àríwá. Ihò àti ibi ìwòye, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ní ilé tí wọ́n ń pè ní Tongilgwan. Ìsun omi Dutayeon náà wà lẹ́yìn ìlà sójà. Ó tó àádọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i ní 2004, torí náà ẹja àti ẹranko igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Má fẹsẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Pátákó onígun mẹ́ta pupa tó ń kìlọ̀ bọ́ǹbù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Mú káàdì ìdánimọ̀ àlejò rẹ tàbí pásípọ́ọ̀tù dání. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo gbàgbé káàdì mi sínú jákẹ́ẹ̀tì mìíràn nílé. Sójà ọmọdé tó wà lẹ́nu géètì tẹrí ba fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi, àmọ́ géètì ò ṣí.

Nínú ìlú fúnra rẹ̀, lọ sí ilé ọnà Park Soo-keun, tí wọ́n ṣí ní 2002 níbi tí wọ́n bí ayàwòrán náà sí ní 1914. Ọ̀dà tó fi ń kun àwòrán le gbagidi bí ojú àpáta, o gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kó o tó rí èèyàn inú rẹ̀: obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀, tó ń ti ọjà bọ̀, ọmọdébìnrin tó pọn àbúrò rẹ̀. Mo rò pé ọmọ Yorùbá kankan kì í jẹ́ àlejò níwájú àwòrán wọ̀nyẹn.

Inje: fún ẹni tó fẹ́ràn igbó ju ìtàn ogun lọ

Àwọn sójà Kòríà ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn mọ̀: "Inje gamyeon eonje ona, wontonghaeseo mot salgetne." Inje lorúkọ ìlú, ó sì tún dún bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "báyìí". Wontong ni ìlú kékeré tó tẹ̀ lé e, ó sì tún túmọ̀ sí ìbànújẹ́ tó ń dun ni dé ọkàn. Ó wá di: bí mo bá lọ báyìí, ìgbà wo ni n ó padà dé, ìbànújẹ́ ò ní jẹ́ kí n lè gbé ayé. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá pín sí Inje ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láyé tí ọ̀nà ò dáa. Lónìí, látìgbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Seoul sí Yangyang ti parí ní 2017, Inje ló wá rọrùn jù láti dé. Ọ̀nà náà gba inú ihò òkè kan tó gùn tó kìlómítà mọ́kànlá. O lè rò pé o ti sùn lọ.

Inje tóbi. Ó ju 1,600 kìlómítà níbùú lóròó lọ, Hongcheon nìkan ló jù ú lọ nínú gbogbo gun Gúúsù. Torí náà má ṣe gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yan igbó, tàbí yan tẹ́ḿpìlì.

Igbó birch tó wà ní Wondae-ri ni mo máa ń rán àwọn èèyàn lọ. Kòkòrò ló ba igi páìnì tó wà níbẹ̀ jẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin birch dípò rẹ̀ láti 1974. Igi tí wọ́n gbìn tó nǹkan bí 690,000, wọ́n funfun bíi lékèélékèé láti ìdí dókè. Jajaknamu ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní torí ariwo tí èèpo rẹ̀ ń pa nínú iná ni: jajak, jajak. Èèpo náà ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà, wọ́n sì bẹ̀ ọ́ pé kó o má bó o. Ó ju wákàtí kan lọ tí wàá fi gùn ún láti ibi tí mọ́tò ń dúró sí. Bí sínóò bá wà nílẹ̀, yá ohun onírin tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, kí ìdí má bàa lu ilẹ̀.

Tẹ́ḿpìlì Baekdamsa wà nínú òkè Seorak níhà Inje. Ibẹ̀ ni Han Yong-un, mọ́ńkì àti akéwì tó dojú kọ ìjọba Japan, gbé. Ibẹ̀ kan náà ni Chun Doo-hwan, ààrẹ tẹ́lẹ̀, sá wá ní oṣù Kọkànlá 1988 nígbà tí inú aráàlú ru sí i, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Òun náà ni ààrẹ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọdé fọ́ kóló nítorí Dáàmù Àlàáfíà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ro dáàmù náà lóru, nínú yàrá kékeré yẹn, nígbà tí odò iwájú tẹ́ḿpìlì ń hó.

Lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, ní Yongdae-ri, ni oúnjẹ tó dáa jù nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà: hwangtae. Ẹja tó jọ panla ni. Wọ́n á so ó rọ̀ síta láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, yóò dì lóru, yóò yọ́ lọ́sàn-án, títí ara rẹ̀ á fi pọ́n bíi wúrà tí á sì rọ̀ bíi kànrìnkàn. Ẹja Russia ni ó pọ̀ jù lónìí, torí irú rẹ̀ ti tán lókun tiwọn. Ọbẹ̀ rẹ̀ funfun bíi wàrà. Imo, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá olóúnjẹ níbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lóbìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bù ú fún mi lẹ́ẹ̀kejì láìgbowó. Ata nìkan ló kù ú.

Ọ̀nà, owó àti ibùsùn

Kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin tó dé ìkankan nínú wọn. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ̀nà irin tó máa gba ibẹ̀ lọ láti Chuncheon sí Sokcho. Gáréèjì Dong Seoul lo ti máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Inje ló máa ń yá jù, ti Hwacheon ló máa ń pẹ́ jù. Ìṣòro ò sí nínú àtidé ìlú, àtirìn nínú rẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì tó lọ sí Haean ṣọ̀wọ́n, tó bá fi ọ́ sílẹ̀, o di ará Haean nìyẹn. Torí náà, ẹni tí kò lè wa mọ́tò, kó lọ sí Inje, tàbí kó lọ sí Hwacheon ní oṣù Kìn-ín-ní tí èrò ń lọ tí ń bọ̀. Yanggu fẹ́ mọ́tò, tàbí ọ̀rẹ́ tó ní.

Yàrá máa ń wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, torí àwọn òbí tó wá kí ọmọ wọn nínú bárékè. Oṣù 18 ni ọmọkùnrin ń fi sìn nínú iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀, bó bá sì gba àyè ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ á wá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mẹ́rin. Lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú, wàá rí yàrá ní owó pọ́ọ́kú ju tẹ́lẹ̀ lọ, torí wọ́n ti tú dífíṣọ̀n sójà kan ká ní Yanggu ní 2019, òmíràn ní Hwacheon ní 2022, àwọn onílé ìtura àti olóúnjẹ sì ń wá oníbàárà. Àmọ́ wò ó kó o tó lọ, igbó birch máa ń tì láwọn ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Ti Cheorwon àti Goseong, tó pa mẹ́ta yìí láàárín, kò gba mí lọ́rọ̀ púpọ̀. Cheorwon tẹ́jú, ìrẹsì ló ń gbìn, ẹyẹ àkọ̀ ńlá sì máa ń wá lo ìgbà òtútù nínú oko náà. Bó bá jẹ́ ẹyẹ lo fẹ́ wò, lọ síbẹ̀. Goseong ní òkun, àti ọ̀sà Hwajinpo tí ilé ìsinmi Kim Il-sung, olórí Àríwá àkọ́kọ́, àti ti Syngman Rhee, ààrẹ Gúúsù àkọ́kọ́, jọ wà létí rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ oṣù Kẹta tàbí Kẹrin nìkan ni àyè rẹ ṣí, dúró ná. Yìnyín Hwacheon ti yọ́, wọ́n ti ti igbó birch nítorí iná, ewé kò tíì rú lórí òkè, ẹrẹ̀ ni gbogbo Haean. Gba Goseong lọ, kó o jẹ ẹja tútù létí òkun, kó o sì pè mí ní oṣù Karùn-ún.